Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó dárúkọ owó: ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn tó ń ṣe detailing

Ìbéèrè lórí iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe, ìyẹn detailing, pọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe fífọ mọ́tò lójú títì lásán là ń sọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà pẹ̀lú ẹ̀rọ, tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí jáde nínú ìjókòó, tí wọ́n sì fi ń dáàbò bo ara ọkọ̀, là ń sọ. A mú èyí tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn nínú àwọn ìbéèrè náà.

Mò ń ṣe detailing ní Bódìjà. ₦18,000 ni mò ń gbà lórí Corolla, nínú àti ìta, torí iye tí àwọn tó wà nítòsí mi ń gbà nìyẹn. Iṣẹ́ ń wọlé dáadáa, àmọ́ bí oṣù bá parí n kì í rí nǹkan tọ́ka sí. Ibo ni owó ń gbà lọ?
*Òǹkàwé kan, Ìbàdàn*

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Iye tí ará ẹ̀gbẹ́ yín ń gbà kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún yín. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ń lò, tí kì í san owó ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ọṣẹ ìfọṣọ ló ń dà sí garawa. Ó sì lè jẹ́ pé òun náà kì í rí nǹkan mú relé. Ìṣirò tiyín ni kí ẹ ṣe. Àpẹẹrẹ ni iye tí a máa lò níbí, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ owó tó máa jáde lápò yín sílẹ̀, bí mọ́tò kankan ò tilẹ̀ wọlé. Ká ní owó ilẹ̀ jẹ́ ₦40,000 lóṣù, owó ẹgbẹ́, owó ọlọ́dẹ àti owó pàǹtí jẹ́ ₦10,000, owó ìpè àti dátà jẹ́ ₦10,000. Ó ku irinṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ. Ká ní pressure washer (ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi), jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú ìjókòó àti ẹ̀rọ pọ́líìṣì jẹ́ ₦1,000,000 lápapọ̀. Wọn ò ní wà títí ayé. Tí ẹ bá fún wọn ní ọdún méjì, mílíọ̀nù kan tí a pín sí oṣù 24 jẹ́ nǹkan bíi ₦42,000 lóṣù. Ẹ máa fi owó yẹn pamọ́ lọ́tọ̀, torí lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù bá jó, kò sẹ́ni tó máa bá yín dá a. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦102,000.

Ẹ fi owó oṣù tiyín kún un. Ẹ má ṣe sọ pé ohun tó bá ṣẹ́kù ni tiyín, torí kò ní ṣẹ́kù. Ká ní ₦180,000 lẹ fẹ́ máa mú relé. Ó di ₦282,000.

Wákàtí ló kàn. Ọjọ́ 26 lóṣù, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, jẹ́ wákàtí 208. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọwọ́ yín máa fi wà lára mọ́tò. Òjò á rọ̀, ẹ ó lọ ra ọjà, ẹ ó dá èèyàn lóhùn lórí WhatsApp, ẹ ó dúró de ẹni tó ní òun ń bọ̀ láago mẹ́sàn-án tó wá dé láago méjìlá. Tí ẹ bá rí wákàtí márùn-ún tó mówó wọlé lóòjọ́, ẹ ṣe bẹbẹ. Ìyẹn jẹ́ 130 lóṣù. Ẹ pín ₦282,000 sí 130, ó jẹ́ ₦2,169. Ká pè é ní ₦2,200. Iye tí wákàtí yín kan gbọ́dọ̀ mú wá nìyẹn, kí ẹ tó ra ọṣẹ.

Corolla tí ìdọ̀tí rẹ̀ mọ níwọ̀n máa gba wákàtí mẹ́fà, nínú àti ìta. Ìyẹn jẹ́ ₦13,200. Ọṣẹ, kẹ́míkà àti tówẹ̀lì tó ń gbó, ₦3,500. Epo bẹntiróòlù lítà mẹ́ta, tí ẹ bá ra lítà kan ní ₦900, ₦2,700. Omi, ₦800. Ọmọṣẹ́, ₦4,000. Ó di ₦24,200. Ẹ wá fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé e gẹ́gẹ́ bí èrè, kí iṣẹ́ lè rí ohun tí yóò fi dàgbà, kí owó àtúnṣe sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ó di nǹkan bíi ₦29,000.

Ẹ wo ₦18,000 yín báyìí. Ọṣẹ, epo, omi àti ọmọṣẹ́ ti jẹ ₦11,000 nínú rẹ̀. ₦7,000 ló kù fún wákàtí mẹ́fà. Láàárín wákàtí 130, ìyẹn kò ju nǹkan bíi ₦152,000 lọ. Tí ẹ bá yọ ₦102,000 àkọ́kọ́ yẹn, ₦50,000 ló kù fún ẹ̀yin àti ìdílé yín. Bẹ́ẹ̀, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ibi tí owó ń gbà lọ nìyẹn. Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àmọ́ ihò kéékèèké wà tí ẹ lè dí lónìí. Ọ̀kan ni ọṣẹ tí a ń fi omi lú. Ká ní gálọ́ọ̀nù lítà márùn-ún jẹ́ ₦20,000, mìlílítà kan jẹ́ ₦4. Inú ọkọ̀ ò nílò ju ìdá kan ọṣẹ sí ìdá mẹ́wàá omi lọ: mìlílítà 45 sí omi mìlílítà 455 nínú ìgò ìfín tó gba ìdajì lítà. ₦180 péré ni. Tí ọmọṣẹ́ bá kàn ń fojú wọ̀n ọ́n, tó da mìlílítà 300 sí i, ₦1,200 ti lọ, ọṣẹ tó le jù yẹn sì lè fi àpá funfun sílẹ̀ lára dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ ra ife tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí lára, kí ẹ fi pẹ́ńì sàmì sí gbogbo ìgò.

Èkejì ni epo. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ kò lè fi ojú àtijọ́ wo lítà epo kan mọ́. Ẹ to iṣẹ́ tó nílò iná pọ̀ sójú kan: kí fákúùmù, ẹ̀rọ ìjókòó àti pọ́líìṣì tẹ̀ léra, kí ẹ pa jẹnẹrétọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi ọwọ́ nu gíláàsì àti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má sì ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour fún iṣẹ́ yìí. Kò tó 1,000 wọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ pressure washer tiẹ̀ lè jẹ 1,400 sí 2,000. Bí ẹ bá so ó mọ́ ọn, jẹnẹrétọ̀ á kú tàbí kí mọ́tọ̀ pọ́ǹpù jó.

Oníbàárà gbé Camry tòkúnbọ̀ dúdú wá fún pọ́líìṣì. Mo fi ẹ̀rọ àti compound, ìpara tó ń ha ojú ọ̀dà, ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni etí rẹ̀ bá ṣí, àwọ̀ eérú yọ lábẹ́. Ó ní kí n san owó ọ̀dà. Ṣé èmi ni mo jẹ̀bi? Báwo ni ǹ bá ṣe mọ̀?
*Òǹkàwé kan, Agége, Èkó*

Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, bó ti wù kó dùn yín tó, àyàfi tí ẹ bá ti sọ ewu rẹ̀ fún un ṣáájú, tó sì fọwọ́ sí i. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ ní ìpele. Práímà wà lórí irin, àwọ̀ wà lórí práímà, clear coat tí kò láwọ̀ ló wà lókè pátápátá, òun ló ń dán. Kì í sábà ju máíkírọ̀nù 40 sí 50 lọ, ìyẹn bí ìdajì ìnípọn abala bébà kan. Gbogbo ohun tí ẹ ní láti fi pọ́líìṣì kò ju ìyẹn. Ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti lórí ìlà tó yọ lára ilẹ̀kùn, ó tún fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ jù. Àwọ̀ eérú tí ẹ rí yẹn, práímà ni.

Tòkúnbọ̀ tún ní ìtàn tirẹ̀ tí ẹni tó ń wà á lè má mọ̀. Wọ́n lè ti tún apá kan rẹ̀ fín, kí clear coat rẹ̀ fẹ́lẹ́, tàbí kí ó máà ní i rárá. Nítorí náà, àyẹ̀wò ṣáájú owó. Ẹ fọ ọkọ̀ náà kí ó mọ́, torí ìdọ̀tí ara ọkọ̀ dúdú lè tàn yín jẹ. Ẹ wo etí rọ́bà gíláàsì àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn: bí ọ̀dà bá ta sí ara rọ́bà, wọ́n ti fín in. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé òòfà kékeré, ẹ gbé e sára ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti gbá a mú lára irin, bọ́dífílà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀, ló wà lábẹ́. Ẹ wá fi compound díẹ̀ sórí aṣọ funfun, ẹ fi nu ibi tí kò hàn. Bí aṣọ bá mú àwọ̀ ọkọ̀, kò sí clear coat níbẹ̀ mọ́, tàbí kò ní i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lágbára á ra ẹ̀rọ tó ń wọn ìnípọn ọ̀dà. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín máíkírọ̀nù 100 sí 180. Tó bá ti kọjá 250, wọ́n ti tún un fín. Tó bá kọjá 1,000, bọ́dífílà ni. Ẹ̀rọ náà kì í ka ohunkóhun lórí bọ́ńpà, torí rọ́bà ni.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ dán an wò lójú kan tó fẹ̀ tó 40 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Pádì tó rọ̀ jù àti pọ́líìṣì tó fẹ́lẹ́ jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí ìyẹn bá ti yọ ìlà, ẹ dúró síbẹ̀. Tí kò bá yọ ọ́, ẹ gòkè ní ìpele kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí pádì rẹ̀ ń yí tó sì ń mì, èyí tí wọ́n ń pè ní dual action, ló yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn. Ẹ fi í sí nọ́ńbà 4 tàbí 5, ẹ rìn ín díẹ̀díẹ̀, ní ìbú kí ẹ tó lọ ní òró, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà. Rotary tó dà bíi gíráńdà wẹ́dà máa ń gbóná kíákíá, ó sì máa ń fi àmì róbótó sílẹ̀ tí oòrùn á fi hàn lọ́jọ́ kejì. Ẹ lẹ pépà téèpù mọ́ gbogbo etí àti ìlà tó yọ. Ẹ má ṣe é nínú oòrùn. Ẹ fọ pádì tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn apá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀dà tó ti gbẹ sínú pádì ló ń ha ọkọ̀ tuntun.

Àyẹ̀wò yìí kan náà ló ń sọ owó. Pọ́líìṣì ìpele kan lè gba wákàtí márùn-ún. Èyí tó nílò compound ṣáájú pọ́líìṣì lè gba mẹ́wàá sí méjìlá. Ní ₦2,200 wákàtí kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦11,000 sí ₦15,400 kí ẹ tó ka pádì. Ẹni tó bá dárúkọ iye kan lórí fóònù láì rí ọkọ̀ ti fi owó ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ní ti Camry tó wà nílẹ̀: ẹ má fi wax bò ó. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ bí a ṣe ń po àwọ̀ kí ó bára mu, kí ó fín bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan, kí ẹ sì san án. Inú ìdá ogún tí a sọ lókè yẹn ni irú owó báyìí ti ń wá. Láti ìsinsìnyí lọ, kí oníbàárà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ya fídíò ọkọ̀ yípo. Kí ẹ tan ọkọ̀, kí iná tó ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù hàn nínú fídíò. Kí ẹ kọ ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ibi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí.

Ìjókòó aṣọ tí mo fọ̀ ń rùn lẹ́yìn ọjọ́ méjì, oníbàárà sì ń gbà owó padà. Ọṣẹ tó dára ni mò ń lò.
*Òǹkàwé kan, Òṣogbo*

Omi ló pọ̀ jù. Aṣọ ìjókòó fẹ́lẹ́, àmọ́ fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ nípọn, bí omi bá sì ti dé ibẹ̀, ẹ̀rọ kò lè fà á tán. Ó di ibùgbé èbù, pàápàá lóṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án tí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi fákúùmù gbẹ iyanrìn tán pátápátá, torí iyanrìn tó bá rí omi ti di ẹrẹ̀ nìyẹn. Ẹ fín ọṣẹ sára búrọ́ọ̀ṣì dípò ìjókòó. Ẹ fọ ìjókòó kan tán, kí ẹ fa omi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Tí ẹ bá fín omi lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí omi kò fi ní hàn nínú gíláàsì ẹ̀rọ mọ́. Lítà méjì sí mẹ́ta tó fún gbogbo ìjókòó Corolla. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí fáànù máa fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lè tó. Nígbà òjò, ọkọ̀ lè sùn sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kí ó tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ má fọ ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ìjókòó, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ orí bátìrì, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà àwọ̀ ìyeyè abẹ́ ìjókòó. Wáyà airbag ni. Ẹni tó bá yọ ọ́ tó sì tan ọkọ̀, iná airbag á tàn, ó sì di owó rẹ́wáyà.

Ẹ tún mọ̀ pé òórùn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti yín. Bí ilẹ̀ iwájú níbi ẹsẹ̀ èrò bá tutù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, páìpù tó ń da omi AC síta ló dí. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ kàn án. Ẹ wo fílítà AC pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ̀yìn àpótí iwájú èrò ló wà, ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó láti yọ ọ́. Tó bá ti dúdú, ẹ fi hàn án, ẹ tà á fún un. Owó tó tọ́ ni, òórùn sì lọ tòótọ́, ó yàtọ̀ sí lọ́fíńdà tí wọ́n ń fi bo òórùn mọ́lẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo bá dárúkọ owó fún ló ń sọ pé ₦3,000 ni wọ́n ń fọ mọ́tò ní ìsàlẹ̀ títì. Kí ni kí n sọ?
*Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́*

Òótọ́ ló sọ, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kí ó bá yín wo ọ̀dà ọkọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn. Ìlà wẹ́wẹ́ tó ń yí ká bí òwú aláǹtakùn, àkísà kan tí wọ́n fi nu mọ́tò ogún láti àárọ̀ ló ṣe é, àti ọṣẹ ìfọṣọ tí kò yọ́ tán nínú omi. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù, tí wọ́n bá fi aṣọ gbígbẹ nu eruku kúrò. Ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Ẹ wá sọ ohun tí owó yín kó nínú fún un, ní kúkúrú: garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan ìbọ̀wọ́ ìfọkọ̀, tówẹ̀lì wíìlì yàtọ̀ sí ti ara ọkọ̀, wákàtí mẹ́fà.

Tí owó rẹ̀ kò bá tó, ẹ dín iṣẹ́ kù, ẹ má dín owó. Inú nìkan, tàbí ìta nìkan. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ₦29,000 ní ₦20,000 lónìí, ₦20,000 ni oníbàárà yẹn á máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí.

Ìkẹjà ni mo wà. Àwọn ará Ajah ń pè mí pé kí n wá ṣe é nílé àwọn. Ṣé ó mówó wá?
*Òǹkàwé kan, Èkó*

Ó lè mówó wá tí ẹ bá ka ọ̀nà mọ́ wákàtí iṣẹ́. Tí àlọ àti àbọ̀ bá gba wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ₦6,600 ni, láì tíì ka ọkọ̀ tí ẹ wọ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ fún mọ́tò kan. Ẹ sọ fún oníbàárà pé tó bá rí aládùúgbò kan tàbí méjì sí i, àwọn á jọ pín owó ọ̀nà. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá omi àti iná wà, bóyá ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní ìbòòji, àti bóyá ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì máa gba yín láàyè. Agogo méje àárọ̀ ni kí ẹ ti dé.

Wọ́n ń polówó ceramic coating, èròjà olómi tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà, pé 9H ni, ọdún mẹ́sàn-án. Ṣé kí n máa ṣèlérí bẹ́ẹ̀? Èló ni kí n gbà?
*Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta*

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣèlérí bẹ́ẹ̀. 9H kì í ṣe iye ọdún. Òṣùwọ̀n líle pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń dán líle rẹ̀ wò. Coating kì í dá òkúta dúró, kì í sì í dá àkísà onífọkọ̀ ojú títì dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé omi àti ẹrẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ọn, oòrùn kì í tètè ba ọ̀dà jẹ́, fífọ rẹ̀ sì rọrùn. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára ìgò ni kí ẹ sọ, kí ẹ fi kún un pé tí wọn kò bá fọ ọ́ dáadáa, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà ṣáájú rẹ̀ ló gbówó. Fífọ, ọṣẹ tó ń yọ eruku irin, amọ̀ tó ń fa ìdọ̀tí ara ọ̀dà, pọ́líìṣì, lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ọtí isopropyl tí wọ́n fi omi lú nu gbogbo òróró kúrò. Ìlà tó bá wà lábẹ́ coating á máa tàn yanran níbẹ̀ ni. Ẹ ṣe é nínú ilé. Ẹ mú ibi tó fẹ̀ tó 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan. Ní ilẹ̀ olóoru tí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ó lè má ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ òṣùmàrè. Ẹ nù ún lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì méjì, kí ẹ tan iná sí i. Ibi tí ẹ bá fò tó sì gbẹ, á fi àbààwọ́n sílẹ̀, pọ́líìṣì nìkan ló lè yọ ọ́, coating ibẹ̀ á sì bá a lọ. Kí omi má kàn án fún wákàtí 12 sí 24, kí ọṣẹ má kàn án fún ọjọ́ méje. Lóṣù òjò, ẹ fi ìyẹn sínú ètò.

Owó rẹ̀: wákàtí 18 ní ₦2,200 jẹ́ ₦39,600. Ká ní ìgò jẹ́ ₦45,000. Mìlílítà 30 sábà máa ń tó sálúùnù, 50 ló yẹ jíípù. Ẹ gba owó ìgò náà pé, kódà bí ó bá ṣẹ́kù, torí ìgò tí a ti ṣí máa ń dì. Pádì àti tówẹ̀lì, ₦12,000. Tówẹ̀lì tó ti kan coating máa ń le, ẹ jù ú nù, kò gbọ́dọ̀ kan ọ̀dà mọ́. Epo àti omi, ₦8,000. Ọmọṣẹ́ ọjọ́ méjì, ₦10,000. Ó di ₦114,600. Pẹ̀lú ìdá ogún, nǹkan bíi ₦138,000. Ẹ gba ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú. ₦82,800 yẹn ló máa ra ọjà, kí owó yín má bàa há sọ́wọ́ ẹni tó yí ọkàn padà.

Mo ní kááwọ́ọ̀ṣì kékeré, n kò tíì lówó ẹ̀rọ ńlá. Kí ni mo lè kọ́kọ́ fi kún iṣẹ́ mi?
*Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Iná iwájú tó ti pọ́n. Owó tó wọ̀ ọ́ kéré, oníbàárà sì máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ lẹ pépà téèpù yí iná ká ní ìlọ́po méjì. Ẹ fi sáńpépà olómi 800 tàbí 1000 bẹ̀rẹ̀, títí omi tó ń ṣàn kò fi ní pọ́n mọ́, kí ẹ lọ sí 1500, 2000, 3000. Ẹ yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà ha á padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè rí i bí ìlà ti tẹ́lẹ̀ bá ti tán. Lẹ́yìn compound, ẹ fín clear tó ń dènà oòrùn sí i. Àwọn tó ń fo ìpele ìkẹyìn yìí ni iná wọn máa ń padà pọ́n láàárín oṣù díẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ ti ń bàjẹ́. Tí ìkùukùu tàbí ibi tó ti sán bá wà nínú iná, ẹ má gbà á, ìta nìkan ni sáńpépà lè dé. Iná méjèèjì kò ju wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lọ.

Fífọ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má lo kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù rárá: wọ́n ń wú rọ́bà, wọ́n sì lè gbiná. Kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fi ọ̀rá bo alternator, àpótí fíúùsì, ẹnu ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ àti orí coil. Ọṣẹ tí a fi omi lú, búrọ́ọ̀ṣì àti omi tó ń rọra ṣàn ti tó. Omi tó bá dúró sínú ihò púlọ́ọ̀gì ló ń mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n, nítorí náà kí ẹ fi afẹ́fẹ́ lé e jáde kí ẹ tó tan ọkọ̀. Ẹ dárúkọ owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má fi ṣe ẹ̀bùn.

Ilé iṣẹ́ kan fẹ́ kí n máa fọ ọkọ̀ mẹ́wàá fún wọn lọ́sẹ̀ méjì-méjì, àmọ́ ìparí oṣù kejì ni wọ́n fẹ́ máa san. Ṣé kí n gbà?
*Òǹkàwé kan, Ìbàdàn*

Ọkọ̀ tó ń wọlé déédéé dára, torí ó ń dín wákàtí tó ń ṣòfò kù. Tí ọwọ́ yín bá lè ti ara rẹ̀ rí wákàtí méje gbà lóòjọ́ dípò márùn-ún, wákàtí á di 182, iye rẹ̀ á sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi ₦1,550. Àǹfààní yẹn lẹ lè fi ṣe ẹ̀dínwó fún wọn, kì í ṣe ti ọṣẹ àti epo.

Àmọ́ oṣù méjì gùn jù. Ká ní ọṣẹ, epo, omi àti ọmọṣẹ́ jẹ́ ₦4,000 lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ mẹ́wàá, ìgbà mẹ́rin láàárín oṣù méjì, jẹ́ ₦160,000 tí ẹ ti yá wọn láì gba èlé. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n san ìdajì lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ìdajì tó kù wọlé láàárín ọjọ́ 14, kí ó wà nínú ìwé. Kí ìwé náà sọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ pé ẹ lè tún iye wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bí owó epo bá yí. Kí awakọ̀ fọwọ́ sí ìwé nígbàkigbà tó bá gba ọkọ̀, nítorí akọ̀wé owó tó wà ní ọ́fíìsì kò rí ọkọ̀ náà. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí owó kò wọlé, ẹ má gba ọkọ̀ tó kàn títí wọn yóò fi san ti àtẹ̀yìnwá.